Oníbodè Inú Ọkàn

Ọkàn Gbénró le bí òkúta.

Ọ̀mọ̀wé Mórèwà ti tú òkú mọ́kànlá wò láti ìgbà tó ti dé ìlú Ìjìnlẹ̀. Kò tíì rí irú èyí. Ọkàn òkú a máa rọ̀ bí àpò tí wọ́n da ohun inú rẹ̀ nù. Èyí kò rọ̀. Ó fún pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ ẹni tó ń bínú, ó sì kú sí bẹ́ẹ̀. Mórèwà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé.

"Ó fún, kò tú mọ́," ni ó wí.

Akínnúwà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ-èémí, ẹ̀rọ tó ń yọ afẹ́fẹ́ láti inú omi òkun fún gbogbo ìlú. Òun ló gbé Gbénró wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbénró ń fọ aṣọ-omi rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó wó lulẹ̀.

"Dókítà, oníbodè wà lára rẹ̀, àbí?"

Mórèwà fi orí dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó wà lára ìyàwó tèmi náà," ni Akínnúwà wí.

Ìsàlẹ̀ òkun ni ìlú Ìjìnlẹ̀ wà, nínú igbá gíláàsì ńláńlá mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí òkun gba àwọn abúlé etí omi, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sórí òkè. Àwọn tó tẹ Ìjìnlẹ̀ dó kò sá. Wọ́n ní bí òkun bá ti gba ilé àwọn, àwọn yóò bá a gbé inú rẹ̀ ni. Irin ni wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ òkun. Omi ibẹ̀ tutù, ó sì wúwo. Iṣẹ́ náà a máa pa ọkàn. Ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún a máa mí bí arúgbó.

Nítorí èyí ni Mórèwà ṣe dá oníbodè.

Àwọn yàrá kéékèèké tí ojú kò lè rí ló kún ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì ni à ń pè wọ́n. Kí ọkàn tó lù, kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, gbọ́dọ̀ wọ inú àwọn yàrá náà. Bó bá wọlé, ọkàn á fún. Ṣùgbọ́n kí ọkàn tó tú, kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ jáde. Ó ní ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ẹnu ọ̀nà náà kì í ṣí lásán. Sódíọ̀mù, èròjà tó wà nínú iyọ̀, ló ń ṣí i. Sódíọ̀mù mẹ́ta á wọlé, kálísíọ̀mù kan á jáde. Iyọ̀ tó wà níta ló ń fi agbára rẹ̀ ti kálísíọ̀mù jáde. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Mórèwà yọ ẹnu ọ̀nà yìí, ó fi tirẹ̀ rọ́pò. Tirẹ̀ yára ju ti àbínibí lọ. Kálísíọ̀mù púpọ̀ lè wọlé lẹ́ẹ̀kan kí ọkàn fún gírígírí, kí gbogbo rẹ̀ sì tún jáde kíá. Ó sọ ọ́ ní oníbodè, nítorí àwọn tó máa ń jókòó sẹ́nu odi ìlú láyé àtijọ́, tí ẹrù kankan kì í kọjá láìgba ọ̀dọ̀ wọn. Abẹ́rẹ́ kan péré ni. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló gbà á. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń rìn lórí ilẹ̀ òkun bí ẹni ń rìn nínú àgbàlá ilé rẹ̀.

Fóyèkẹ́, ìyàwó Akínnúwà, ni ó ṣe ìkẹfà. Kò fẹ́ gbà á. Akínnúwà ló bẹ̀ ẹ́. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Fóyèkẹ́ ń jókòó sinmi kó tó gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé òkè.

Mórèwà gbé ẹ̀jẹ̀ Gbénró sínú ẹ̀rọ ayẹ̀jẹ̀wò. Ó wo ohun tí ẹ̀rọ náà kọ. Ó tún un wò.

"Iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ni ọkùnrin yìí ń jẹ?"

"Ohun tí gbogbo wa ń jẹ ni, Dókítà. Ọ̀fọ̀ là ń ṣe."

"Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ lẹ̀ ń ṣe. Kí ni ọ̀fọ̀ kàn nínú ọ̀rọ̀ iyọ̀?"

Akínnúwà wò ó bí ẹni tó bi í pé kí ni omi. Obìnrin yìí ti lo ọdún mẹ́ta ní Ìjìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ inú agolo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè ló ń jẹ, nínú yàrá rẹ̀, òun nìkan.

Akínnúwà ṣàlàyé fún un. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ ìlú dó, igbá gíláàsì kan sán. Omi ká ènìyàn méje mọ́. Òùngbẹ gbẹ wọ́n fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n sì mu omi òkun. Omi iyọ̀ náà ló pa wọ́n. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ ìlú dó bá kú, ẹnikẹ́ni kì í fi iyọ̀ sí ìkòkò fún ọjọ́ méje. Bí ènìyàn bá sì lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, yóò gbé omi dídùn dání. Òun á mu díẹ̀, olóòkú á mu ìyókù tán. Olúgbòdé, àgbà obìnrin tó jẹ́ ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tó tẹ ìlú dó, kú ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Kò bí ọmọ. Fóyèkẹ́ ló tọ́ dàgbà. Fóyèkẹ́ ló jókòó sórí ẹní ọ̀fọ̀ rẹ̀.

"Ènìyàn mélòó ló ti wá kí i?" ni Mórèwà bèèrè.

"Gbogbo ìlú."

Mórèwà di etí tábìlì mú.

"Gbogbo omi yẹn ti fọ iyọ̀ tó kù lára rẹ̀ nù. Ẹnu ọ̀nà tí Ọlọ́run dá lè fi iyọ̀ kékeré ṣe iṣẹ́," ni ó wí. "Tèmi kò lè ṣe é. Bí iyọ̀ kò bá tó níta, kò sí ohun tí yóò ti kálísíọ̀mù jáde. Á máa wọlé ni, á máa kún, kò ní jáde. Níbo ni Olóyè wà?"

Olóyè Ẹ̀yìnlanwò ló ń ṣe olórí ọ̀fọ̀. Wọ́n bá a nínú gbọ̀ngàn ìlú, ó fi ẹsẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó tẹ́tí sí Mórèwà títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ọjọ́ méjì ló kù," ni ó wí.

"Bàbá, ẹlòmíràn lè kú kó tó di ọ̀la."

"Ẹni ọdún mélòó ni mí?"

"N kò mọ̀, sà."

"Ọgọ́rin ó lé mẹ́rin. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí n kò fẹnu kan iyọ̀. Ìgbà kọkàndínlógún rèé tí mo ṣe irú rẹ̀. Wò mí. Ọkàn tí ìyá mi fún mi ló wà láyà mi, kò sì tíì já mi kulẹ̀."

"Ẹ̀yin kò gba oníbodè."

"O ṣeun. Nígbà tí o dé síbí, o bi wá léèrè àìsàn. O bi wá léèrè ohun tó pa bàbá wa àti ìyá wa. O kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìwé rẹ kún. Ǹjẹ́ o bi wá léèrè bí a ṣe ń sin wọ́n?"

Mórèwà sorí kodò.

"Mo ń bi ọ́, ọmọ mi."

"Rárá, sà. N kò bèèrè."

"Ó dáa. Tiwa ni kí a wá yí padà nítorí ohun tí o kò bèèrè."

"Bàbá, ẹ bú mi lọ́la. Ẹ lé mi kúrò nílùú lọ́la. Lónìí, ẹ jẹ́ kí iyọ̀ padà sẹ́nu wọn."

Akínnúwà dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ó sì ń gbọ́ bí ẹ̀rọ-èémí ṣe ń kùn lábẹ́ rẹ̀.

"Dìde, Akínnúwà. O kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Kò dìde.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí obìnrin kan fi já wọlé láìkúnlẹ̀. Ó ní Adúmátì ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tó fi ń dáná. Ó ní àwọn gbé e, ó ti kú. Adúmátì ni ó ṣe ìkẹtàlá nínú àwọn tó gba oníbodè.

Olóyè yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi.

"Olúgbòdé kò ní fẹ́ kí ọmọ tó tọ́ tẹ̀ lé òun," ni ó wí. "Ó dáa. Mo gbà. Akínnúwà, sáré. Sọ fún wọn lórí ẹní pé mo ní kí wọ́n ṣínu lónìí. Kí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, kí òkú má bàa bínú."

Akínnúwà ti kọjá ẹnu ọ̀nà. Mórèwà náà sáré, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló kọrí sí. Omijé wà lójú rẹ̀. Ó ti rò pé àgbà náà kò ní gbà láéláé, ayọ̀ kò sì jẹ́ kó bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣínu.

Ó gbé òṣùwọ̀n jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iyọ̀. Ìwọ̀n orí ìka ni ó ń bù, ó ń dì í sínú bébà kéékèèké. Ọ̀kan fún wákàtí kan, títí di ọ̀la. Ó mọ ìdí rẹ̀. Bí sódíọ̀mù mẹ́ta bá wọlé tí kálísíọ̀mù kan jáde, iná mànàmáná díẹ̀ a máa ṣẹ́ kù sínú yàrá náà. Díẹ̀ báyìí ni, kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn yàrá ọkàn wọ̀nyí ti kún bámúbámú fún ọjọ́ márùn-ún. Bí iyọ̀ púpọ̀ bá dé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo oníbodè á ṣílẹ̀kùn pọ̀. Iná yóò ya wọlé. Ọkàn kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó fún àti ìgbà tó yẹ kó tú. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Ó wọn ti ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Ó ń kánjú, ó ń dà á nù, ó tún ń wọ̀n ọ́n.

Nínú ilé ọ̀fọ̀, Fóyèkẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri nígbà tí Akínnúwà sáré wọlé. Ojú rẹ̀ ti wú. Àwọn méje mìíràn tó gba oníbodè wà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹní. Ojúgbà rẹ̀ ni wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò fẹ́ kó dá ọ̀fọ̀ ṣe.

"Ọkọ mi, kí ló dé?" ni ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fún gbogbo ìlú ní afẹ́fẹ́, ẹ wá ń mí bí ẹja orí ilẹ̀."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín.

"Báwo ni àyà rẹ?"

"Ó le díẹ̀. Bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú. Ọ̀fọ̀ ni."

"Kì í ṣe ọ̀fọ̀. Olóyè ní kí ẹ ṣínu lónìí. Kí ẹ ṣe é bó ṣe yẹ."

"Ọjọ́ méje kò tíì pé."

"Ó ní òun gbà. Fóyè, mo bẹ̀ ọ́. Má bá mi jiyàn lónìí."

Fóyèkẹ́ wo ojú rẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé. Kò jiyàn.

Àgbà obìnrin kan dìde, ó gbé ìkòkò ìṣínu wá. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti máa ń sè é sílẹ̀. Omi òkun ni. Wọ́n á sè é títí yóò fi kù díẹ̀, tí iyọ̀ yóò fi hàn funfun létí ìkòkò. Ife kan ni fún ẹni kọ̀ọ̀kan lórí ẹní. Ẹni tó bá mu ún kò gbọdọ̀ gbé e kúrò lẹ́nu kó tó tán. Bó bá ṣẹ́ kù, wọ́n gbà pé òkú kò tíì lọ.

Akínnúwà gba ife náà, ó gbé e fún un fúnra rẹ̀.

Fóyèkẹ́ mu ún dé ìdajì. Ó fẹ́ gbé e kúrò lẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó ń mi orí.

"Mu ún tán," ni Akínnúwà wí. Ó fi ọwọ́ kan gbé ìdí ife náà sókè fún un. "Díẹ̀ ló kù. Mu ún tán, Fóyè mi."

Ó mu ún tán. Àwọn méje náà mu tiwọn.

Fóyèkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti tú," ni ó wí, ó fi ọwọ́ Akínnúwà lé àyà rẹ̀. Lóòótọ́ ó ti tú. Akínnúwà gbọ́ bó ṣe ń lù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ó yára, ó fo kan, ó yára sí i. Kò dà bí ìlù ọkàn mọ́. Ó dà bí ẹja tó ń jà nínú àwọ̀n. Ní apá kejì ẹní, ẹnìkan ti ṣubú lu ẹnìkejì rẹ̀. Fóyèkẹ́ ṣì ń wò ó. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Akínnúwà tẹ ọwọ́ mọ́ àyà náà bí ẹni tó fẹ́ fi agbára dá a dúró.

Ó dúró.

Nígbà tí Mórèwà dé, bébà kéékèèké kún ọwọ́ rẹ̀. Ó rí ìkòkò. Ó rí àwọn ife. Ó ka àwọn tó wà nílẹ̀. Mẹ́jọ.

Akínnúwà kò gbójú sókè.

"Dókítà," ni ó wí, "báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?"

Mórèwà kúnlẹ̀. Ó tú bébà kan, ó fi hàn án. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kún orí ìka.

Akínnúwà wò ó pẹ́. Ó wo ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀kán kan kò kù nínú rẹ̀.

Òun ló ní kó mu ún tán.