Ìlà Tó Jáde Lára Ìbọn Búrẹ́mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ kó máa pè mí, ó ti mọ́ mi lára. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Èrúwà níbí, ojú mi ló ṣe, orí mi sì pé. Èmi Rùkáyàt, Ìyá Aliyyah, iṣẹ́ ológun ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àtúnṣe ìbọn ni wọ́n fi mí sí. Ó máa ń rẹ irin bó ṣe ń rẹ ènìyàn, mo sì mọ èyí tó ti rẹ̀ nígbà tí mo bá rí i.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ oko wa ló lọ gba ìbọn tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ológun ìlú òkèèrè kan ti lò gbó kí wọ́n tó kó o jù sílẹ̀. Olè ń wú ẹ̀gẹ́ wa lóko, nǹkan ti sú gbogbo ènìyàn. Bàbá Oyinadé tó jẹ́ olórí wọn ní kí n yẹ àwọn ìbọn náà wò kí ẹnikẹ́ni tó yìn wọ́n. Mo ní ó dáa. Mi ò mọ̀ pé wàhálà ni mo ń fọwọ́ ara mi fà.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Wàá rẹ ọ̀pá ìbọn sínú kẹrosíìnì, wàá nù ún gbẹ, wàá wá fi ẹfun lílọ̀ kùn ún. Bí irin bá ti sán níbì kan, kẹrosíìnì tó sá wọ inú rẹ̀ á rọra jáde, á fa ìlà sórí ẹfun. Gbogbo ìbọn ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún, gbogbo wọn funfun báláú. Ó wá ku ti Búrẹ́mọ̀, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù láyé.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni mo wà, lọ́sàn-án gangan. Mo kùn ún lẹ́fun, mo dúró. Ẹyẹ tó ń ké lórí igi máńgòrò dákẹ́. Ìlà náà jáde. Ó tín-ín-rín bí irun, ó tutù, láti ibi tí ọta ń wọ̀ lọ sí ibi tí ẹni tó ń yìnbọn máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé. A sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló bà.

"Búrẹ́mọ̀! Bàbá Oyinadé! Ẹ wá wò ó!"

Wọ́n wá. Ẹfun náà gbẹ. Ó funfun. Kò sí ìlà.

"Níbo?" Bàbá Oyinadé bi mí.

"Níbí ni!"

"Ìyá Aliyyah, mi ò rí nǹkan kan."

Búrẹ́mọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ lọ gba awò ojú."

Bí wọ́n ṣe kẹ̀yìn báyìí, ìlà ti padà, ó tún gùn sí i. Mo pariwo. Wọ́n padà wá, kò sí. Mo fi fóònù ya á nígbà tí mo dá wà, ìka ọwọ́ mi nìkan ni mo rí nínú fọ́tò, tó ń nà sí ẹfun lásán. Háà! Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sì ní òfin kan. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè sọ pé ìbọn kan ò dára, àfi kí ojú ẹni mẹ́ta rí àbùkù rẹ̀. Nígbà kan, ẹnì kan ti fi ìlara ba ìbọn ẹlòmíì lórúkọ jẹ́, láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi òfin yẹn lélẹ̀. Èmi nìkan ni mo rí i. Mo bá pe Nàfísàt, ìyàwó Búrẹ́mọ̀. Ó wò ó títí.

"Àǹtí, kò sí nǹkan kan." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi ń rùn kẹrosíìnì láti àná. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má sọ pé mo sọ o."

Búrẹ́mọ̀ ò fọwọ́ kan kẹrosíìnì rárá.

Mo lọ bá a. "Má gbé ìbọn yìí lọ."

"Olè wà lóko mi, Àǹtí. Ṣé igi ni kí n mú lọ?"

"Yá ti ẹlòmíì."

"Bàbá ní ó dára."

"Ṣé Bàbá ló máa sin ọ́ ni?"

Mo bú u. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún bú u. Olóríkunkun ni láti kékeré, bí ẹ bá ní kó má gun igi, orí igi lẹ ó ti bá a. Nígbà tó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsárì, mo yọ bóòtù ìbọn náà, irin tí a máa ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Mo dì í sí etí ìró mi. Ìbọn tí kò ní bóòtù, kí ló fi yàtọ̀ sí igi ìdáná? Ó kírun tán, ó gbé ìbọn náà kọ́ èjìká nínú àpò rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ó gun ọ̀kadà, ó gba ọ̀nà oko lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín.

A kírun Màgíríbì tán. Iná ò sí, kò sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀. Èmi àti Nàfísàt wà nídìí ààrò. Kòkòrò ò dún. Ewúrẹ́ ò dún. Mo ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń mí.

Ìbọn dún lápá oko.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Nàfísàt. Èmi náà fò sókè, nítorí nǹkan jó mi níbàdí. Mo tú etí ìró. Bóòtù náà bọ́ sílẹ̀, ó gbóná bí irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Ó dá ihò sí ìró mi. Ìró náà wà nílé, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó.

"Súbúhànàlọ́ọ̀," ni Nàfísàt ń sọ, "ọkọ mi ti kú."

Bàbá Oyinadé náà ti gbọ́ ọ, ó ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde. Èmi, òun àti Nàfísàt la jọ lọ. A ò tíì rìn jìnnà tí a fi rí Búrẹ́mọ̀, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé ìbọn dání, inú ń bí i.

"Àǹtí, níbo lẹ gbé bóòtù mi sí?"

Mo fọwọ́ pa á lójú, lórí, láyà. Kò sí ọgbẹ́. "Ta ló yìnbọn?"

"Ìbọn wo?"

"Gbogbo Èrúwà ló gbọ́ ọ!" Bàbá Oyinadé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìbọn ọwọ́ Búrẹ́mọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ti là, gẹ́gẹ́ bí ìlà yẹn ṣe lọ, èékánná máa wọ ibẹ̀. Èéfín ń jáde. Èmi rí i, Bàbá Oyinadé rí i, Nàfísàt rí i. Búrẹ́mọ̀ ń wò wá bí ẹni pé a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ ò mọ ohun tí ẹgbẹ́ sọ nígbà tí wọ́n jókòó? Wọ́n ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi la ọ̀pá ìbọn náà nílé kí ọ̀rọ̀ mi lè ṣẹ. Wọ́n ní kí n wá tọrọ àforíjì! Mo ní wọn ò lójútì. Mi ò tọrọ nǹkan kan, mi ò sì ní tọrọ láéláé.

Wọ́n máa rí i sọ. Ti Búrẹ́mọ̀ ló ká mi lára. Kò lọ oko mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí láti àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́, kì í gbé e kúrò àfi bó bá fẹ́ jẹun. Ọmọdé kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn gbàgà nínú ilé náà. Lọ́jọ́ kan mo fi ìbínú jágbe mọ́ ọn.

"Búrẹ́mọ̀, kí ló dé gan-an? Ìbọn ti dún, ó ti là, o ò sì kú. Ó ti tán!"

Ó gbójú sókè wò mí. Kò bínú.

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ, Àǹtí," ó ní. "Èmi ò tíì gbọ́ ọ."

Mo fa àpótí, mo jókòó tì í.