Ìpara Lórí Sólà

Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, oòrùn sọ̀ kalẹ̀ wá kí mi. Mo ní kó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì nìyẹn nígbà tó ń wá ẹni tí yóò máa fọ sólà orí òrùlé ilé ìwòsàn wa ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

"Ìwọ Ẹnu-ò-sinmi!" ló fi dá mi lóhùn. "Omi àti aṣọ rírọ̀ ni o. Má fi ohunkóhun mìíràn kàn án."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ọ̀gá Oòrùn ni mí."

Kí sólà tó dé, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn náà máa ń wúkọ́ débi pé ògiri pàápàá ń bá a wúkọ́. Bí epo bá tán, nọ́ọ̀sì á fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, á máa gbẹ̀bí. Wọ́n gbé sólà wá kí èéfín lè dín kù, àmọ́ oore rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Iná tó ṣẹ́ kù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó gba ọmọbìnrin mẹ́ta síṣẹ́. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ màmá àgbà, ìyá ìyá mi, wọ inú fíríìjì ilé ìwòsàn. Kò rìnrìn àjò lọ gún un níbòmíràn mọ́. Ara màmá àgbà le débi pé òun nìkan ló lè sáré lé mi bá ní àdúgbò wa. Bó bá ti mú mi létí, ìlú méje á gbọ́ igbe mi.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ mi dúró sísàlẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù.

"Ọ̀gá Oòrùn, tó o bá ṣe tán níbẹ̀, wá bá wa fọ abọ́!"

Inú bí mi. Mo jí ìpara irun ẹ̀gbọ́n mi, odindi ike ńlá kan, mo fi kun gbogbo sólà náà. Ó dán débi pé ẹyẹlé kan wá fi ṣe dígí, ó ń yarun. Mo ní kò tún ní dọ̀tí títí ọdún á fi yípo. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá ìpara rẹ̀ tì, mo ní eku kan tó tó ewúrẹ́ ló gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá.

"Mo ti fọ̀ ọ́, Mà! Bí eṣinṣin bá bà lé e, á yọ̀ ṣubú!" ni mò ń sọ fún nọ́ọ̀sì ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Eruku lẹ̀ mọ́ ìpara náà pinpin. Láàárín oṣù méjì, iná kò tó nǹkan mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà máa lọ sílé. Fíríìjì ń kú lóru, ó ń jí lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kò fura. Abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń gún un fún màmá àgbà. Egbò kékeré kan tó wà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ di dúdú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, dókítà ibẹ̀ gé ẹsẹ̀ náà láti kókósẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e padà wá sí ilé ìwòsàn wa, obìnrin oníṣẹ́ sólà tí nọ́ọ̀sì pè wá wo ohun tó ń ṣe iná wà lórí òrùlé. Gbogbo wa rọ̀gbà yí ibùsùn ká.

"Ọkọ mi yìí ló ń tọ́jú iná wa," màmá àgbà ń sọ. "Ẹ má bá a wí. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un."

Obìnrin náà wọlé. Ìka rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ó nà án sí ẹ̀gbọ́n mi nímú kó lè gbóòórùn rẹ̀.

"Ìpara mi nìyí!" ẹ̀gbọ́n mi ké. "Èyí tí eku gbé!"

"Eku ọ̀hún dà?" obìnrin náà béèrè.

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Oòrùn ló ní kí n..." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Sólà kì í ṣe dígí orí òrùlé lásán," obìnrin náà wí. "Oúnjẹ ọmọbìnrin mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá yìí wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ohun tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn síkàáwọ́ rẹ̀, tó wá fi ń ṣeré, ara èèyàn ló ń gé."

Màmá àgbà wò mí. "Ìwọ ni, ọkọ mi?"

Mo bẹ́ sóde, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo sá kọjá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, mo sá kọjá pápá bọ́ọ̀lù. Mo ń fetí sílẹ̀ bóyá mo máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Kò sí. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè lé mi bá ṣì wà lórí ibùsùn níbi tí mo fi í sí.