Ọ̀gbẹ́ni Ó-Dọ̀hún àti Fóònù Àwọn Arìnrìn-àjò

Pínnì kún ẹnu aránṣọ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà tó ń pè é gùn bí okùn kànga, kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó tu àwọn pínnì sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé fóònù sétí.

"Àǹtí mi, èmi ni."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wẹ́dà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàálù lọ sókè òkun láti lọ máa jó irin pọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńlá kan.

"Kò sí ṣọ́ọ̀bù fóònù níbi tí wọ́n júwe fún mi o. Ilé ìfọṣọ ni."

"Ilé ìfọṣọ báwo? Fóònù ta lo wá fi ń pè mí?"

"Ti ìyá tó ni ilé ìfọṣọ ni. Ó lẹ ìwé gàdàgbà mọ́ ilẹ̀kùn pé àwọn ò ta fóònù, àwọn ò pín fóònù, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè. Ẹnì kan níbí ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní èmi kọ́ ni àkọ́kọ́. Ó ní àwọn èèyàn wa ń wọlé tọ òun bí ẹni wá kí òkú." Ó fa imú. "Àǹtí, fóònù làwọn ilé iṣẹ́ fi máa pè mí. Bí wọn ò bá rí mi, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbà."

Aránṣọ sáré tú dúrọ́ọ̀, ó rí ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀, ó ka nọ́ńbà àwọn ilé iṣẹ́ náà fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó jókòó, tí inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

Kí ọmọkùnrin náà tó lọ, ọ̀rọ̀ fóònù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ká. Ṣé kó gbé tirẹ̀ lọ ni, àbí kó ra òmíràn tó bá débẹ̀? Aránṣọ ní kó gbé e lọ, pé èèyàn kì í fi ẹnu rẹ̀ sílé lọ sí ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ takisí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní àlejò tó kọ́kọ́ wọ ọjà ni wọ́n ń rẹ́ jẹ, kó gbé e lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ wẹ́dà ní kó rà á lọ́hùn-ún, pé fóònù ìhín yóò dójú tì í. Níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni Ó-Dọ̀hún ti fi ọ̀nà kẹta han ọmọkùnrin náà: kò ní gbé e lọ, kò sì ní rà. Yóò fi ti ìhín sílẹ̀, yóò fi owó díẹ̀ lé e, wọn yóò sì fún un ní tuntun lọ́hùn-ún.

Ó-Dọ̀hún kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọkùnrin gbọọrọ ni, bàtà rẹ̀ ń dán bí ojú dígí, ohùn rẹ̀ sì ń yọ̀ bí òróró. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan tó ń ya àwòrán ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá ya fọ́tò tán nísàlẹ̀, orí àtẹ̀gùn ni ẹ̀rín rẹ̀ yóò ti pàdé onítọ̀hún. Bí àwọn èèyàn bá ń kí ara wọn pé ó dàbọ̀, òun á ní, "Ó dọ̀hún o!" Ẹni tó ń gbàdúrà kí oníbàárà òun má padà wálé mọ́, báwo ni yóò ṣe kí i pé ó dàbọ̀?

Aránṣọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ńtì obìnrin kan ló bá lórí tábìlì, tí ojú rẹ̀ wúwo bí ẹni tí kò tíì sùn.

"Ta ni wọ́n lù ní jìbìtì?"

"Àbúrò mi ni, mà."

"Níbo ló wà?"

"Òkè òkun."

"Ẹ pè é kó wá kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀."

"Mà, bàálù ló gbé e lọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

Sájẹ́ńtì mí kanlẹ̀. "Ọgbọ́n ọkùnrin náà gan-an nìyẹn. A ti ń gbọ́ fìnrín-fìnrín rẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò san owó bàálù padà wálé torí fóònù? Bí kò bá sí olùfisùn, kò sí ẹjọ́."

"Tí olùfisùn bá wà nílé ńkọ́?"

"Ta ni?"

"Èmi ni. Mo ń lọ sókè òkun."

"Ìgbà wo lẹ ń lọ?"

"Mi ò lọ, mà."

Sájẹ́ńtì fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín.

Bí aránṣọ ṣe gun àtẹ̀gùn onífọ́tò nìyẹn. Àwọn aago ogiri tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọ́fíìsì Ó-Dọ̀hún. Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ka àsìkò ìlú kan lókè òkun, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti kú tipẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Níbo lẹ ń lọ?"

Ẹ̀rù ba aránṣọ. Ó ti ro gbogbo nǹkan, ó ti yá àpótí, ó ti yá súwẹ́tà, ṣùgbọ́n kò rántí mú ìlú kankan.

"Ibi... ibi tó tutù."

"Ibi tó tutù!" Ó-Dọ̀hún pàtẹ́wọ́. "Ibẹ̀ gan-an ni fóònù ìhín ti ń kú!" Ó ṣí fìríìjì kékeré kan, ó mú fóònù kan tó ti dì gbagidi jáde. "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Aránṣọ tẹ̀ ẹ́. Kò mí. Fóònù náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí páálí òfìfo. Ó mọ̀ pé kò sí bátìrì nínú rẹ̀.

"Áà!" ló ké. "Òtútù ti pa á!"

"Fìríìjì lásán nìyẹn o! Ọ̀hún wá ńkọ́?" Ó-Dọ̀hún rẹ́rìn-ín. Lójijì ó tẹjú mọ́ ọn. "Àǹtí, ojú yín ò ṣàjèjì sí mi. Ẹ̀gbọ́n ta ni yín?"

Èjí ló wà lẹ́nu aránṣọ, irú èyí tó wà lẹ́nu àbúrò rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n fi ìwọ̀n kan náà gé e. Ó pa ẹnu dé wẹ́rẹ́, ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Èmi ni mo dàgbà jù nílé wa," ló kùn. "Ẹ máà bínú, eyín ló ń dùn mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Kì í jẹ́ kí nǹkan kúrò lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó-Dọ̀hún fọwọ́ ta tábìlì díẹ̀díẹ̀, ó ń rò ó. "Kò burú. Ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ni mo ti máa ń gba fóònù. Kí ẹ lè rí i fi dágbére fáwọn ará ilé. Bí mo bá ti fi ojú mi rí i pé ẹ wọlé, ọkàn mi á balẹ̀."

"Ẹ mà láàánú o," ni aránṣọ wí láìya ẹnu.

Ọjọ́ ìrìn àjò tí kò sí pé. Oòrùn ń ta, aránṣọ wọ súwẹ́tà tó nípọn bí bùláńkẹ́ẹ̀tì, òógùn ń ṣàn dé gìgísẹ̀ rẹ̀. Ègé aṣọ ló kún inú àpótí tó ń fà. Ó-Dọ̀hún ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba fóònù àti owó, ó yọ síìmù jáde fún un, ó sọ fóònù sínú àpò inú kóòtù, ó wá nà án ní káàdì kékeré kan. Àdírẹ́sì ilé ìfọṣọ nì ló wà lórí rẹ̀.

"Ẹ fi hàn wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n á fún yín ní tuntun. Ó dọ̀hún o, Àǹtí!"

Aránṣọ fa àpótí wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí Sájẹ́ńtì ti bá sọ̀rọ̀, wo káàdì náà bí ẹni wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì jẹ́ kó kọjá. Ó gba ìdí káńtà, ó gba ẹ̀yìn àwọn tó ń wọn ẹrù, ó bọ́ sí ọ̀nà àwọn tó ń dé láti ìrìn àjò. Ó wá yọ sí ìta láàárín wọn.

Ó-Dọ̀hún ti ń rẹ́rìn-ín sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé báàgì ńlá kọ́rùn. Aránṣọ fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ọ̀gá, mo ti dé."

Ó-Dọ̀hún yíjú. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀.

"Mo dé ọ̀hún, wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Ó dàbọ̀ ló yẹ kí o kí mi." Ó wá la ẹnu rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ yọ kedere. "Ṣé o ti wá mọ ẹ̀gbọ́n ẹni tí mo jẹ́?"

Obìnrin onígèlè tó jókòó nítòsí, tó ń ka ìwé ìròyìn, dìde. Sájẹ́ńtì ni. "Dúró síbẹ̀!"

Ó-Dọ̀hún kò dúró. Ó ti akẹ́kọ̀ọ́ lu ẹrù, ó fò kọjá àpótí aránṣọ. Bàtà dídán yọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó ṣubú gbàgà, ó sì tún dìde. Kọ́ńsítébù kan di apá kóòtù rẹ̀ mú. Ó bọ́ kóòtù sílẹ̀ fún un bí aláǹgbá ṣe ń fi ìrù sílẹ̀, ó ré kọjá títì. Ó já ilẹ̀kùn takisí kan, ó kó sẹ́yìn.

"Máa lọ! Máa lọ kíákíá!"

"Níbo là ń lọ?" ni awakọ̀ bèèrè láìyíjú.

"Ibikíbi!"

Gbogbo ilẹ̀kùn dún kọ́. Wọ́n tì pa.

"Mo mọ ibì kan tó tutù dáadáa," ni ọkọ aránṣọ wí. "Sìmẹ́ńtì nilẹ̀ rẹ̀."

Ní àgọ́, Ó-Dọ̀hún kọ́kọ́ ní òun ò jẹ̀bi. Sájẹ́ńtì kò pariwo. Ó tẹ nọ́ńbà ilé ìfọṣọ, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Bí ìyá ọ̀hún ṣe gbọ́ "fóònù", ó bú Ó-Dọ̀hún ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá kò gbọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé èébú ni.

"Níbo lo ti rí àdírẹ́sì yẹn?"

"Lára ọ̀rá tí wọ́n fi di aṣọ kan wá láti ilé ìfọṣọ náà ni mo ti kà á."

"Àwọn fóònù dà?"

"Mo ti tà wọ́n."

"Gbogbo ẹ̀?"

Sájẹ́ńtì gbé àga sún mọ́ ọn. "Ṣé ká lọ tú ilé rẹ ni, àbí wàá sọ ọ́?"

Orí rẹ̀ tẹ̀. "Èyí tó kù wà nínú àpò ìrọ̀rí lórí àjà. Ẹ ṣàánú mi. Ẹni tó ti débẹ̀, mo rò pé kò ní rántí ohun tó fi sílẹ̀ nílé mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n wọn wà nílé," ni aránṣọ dá a lóhùn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá, bàbá àti àǹtí ti kún àgọ́. Àwọn kan mọ fóònù ọmọ wọn láti ara àwòrán tó wà lójú rẹ̀, wọ́n gbá a mọ́yà bí ìkókó. Àwọn tí tiwọn ti tà fi orúkọ sílẹ̀ de ilé ẹjọ́, wọ́n sì fi èpè díẹ̀ lé e.

Ti wẹ́dà wà lára àwọn tí wọ́n rí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí ìlú náà bá wọn gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó gbà á ló fi pe aránṣọ.

"Àǹtí, tèmi ni mo fi ń pè yín yìí o!"

"Ṣé ó ń gbọ́ èdè ọ̀hún?"

"Ó ń gbọ́ ọ ju èmi tí mo ni ín lọ!"

Aránṣọ fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ irin tó ń kọlu irin lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ó gbọ́ iná tó ń fọ́n ṣàà, ó gbọ́ ẹnì kan tó ń pe ọmọkùnrin náà ní èdè àjèjì. Iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Padà sídìí iná rẹ," ló wí, "kí wọ́n má baà ní ọ̀lẹ la rán wá."

Ó pa fóònù. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.