Ìgbín Kò Tíì Jìnnà

Tíntín ni wọ́n ń pe ọmọ yìí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó kéré ni, gbogbo ilé bá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Tíntín ní ajá kan. Èédú lorúkọ ajá náà. Èédú funfun báláú! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bàbá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá sì fẹ́ràn àwàdà jù.

Màmá Tíntín ń ránṣọ. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tà-tà-tà-tà! Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti máa ń ké.

Èédú fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kì í gbélé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fa aṣọ oníbàárà ya.

"Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta," Màmá sọ, "ajá yìí á kúrò nílé mi. Awakọ̀ búrẹ́dì ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi í fún òun."

Aṣọ ìyàwó kan wà lára ìkọ́. Ó funfun. Ó gùn débi pé ó ń gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi rán an.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o!" Màmá wí. Ó sọdá títì, ó lọ ra òwú.

Tíntín wo aṣọ náà. Ó wojú ọ̀nà. Ó tún wo aṣọ náà.

Ó gun àpótí. Ó sọ aṣọ kalẹ̀ lára ìkọ́. Ó wọ̀ ọ́. Ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún nínú dígí. Ìyàwó dé o!

Ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ aṣọ mọ́lẹ̀.

Fàààààà!

Yéè! Aṣọ ya.

Tíntín bọ́ ọ kíá. Aṣọ náà já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èédú. Èédú ń sùn ní tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Màmá wọlé. Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ya aṣọ yìí?"

Ẹ̀rù ba Tíntín. Ẹnu rẹ̀ kò là. Ìka rẹ̀ ló nà. Ìka kékeré kan. Ó nà án sí Èédú.

Màmá kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo, ì bá sàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kó aṣọ náà sórí itan, ó ń sunkún.

Pọ̀ọ̀n! Pọ̀ọ̀n! Ọkọ̀ búrẹ́dì dé iwájú ilé.

"Ẹ máa mú un lọ," Màmá sọ fún awakọ̀. "Apá mi ò ká a mọ́."

Awakọ̀ gbé Èédú sínú ọkọ̀. Èédú rò pé eré ni. Ìrù rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

Gbàà! Ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé. Èédú yọjú lójú fèrèsé. Ó wo Tíntín. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ gbéra. Ilé dákẹ́. Omi Èédú ṣì kún inú abọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Tíntín fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá Àgbà wà níbẹ̀. Òun ló bí Màmá. Ó ń ṣa bọ́tìnnì. Funfun síbí. Pupa sọ́hùn-ún.

"Wá jókòó tì mí, ọmọ mi àtàtà. Mo mọ̀ pé ajá rẹ ló ń dùn ọ́. Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ, bóyá omi ojú yẹn á gbẹ."

Màmá Àgbà kò mọ nǹkan kan nípa ìka yẹn o! Ìtàn tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ló sọ.

"Ewúrẹ́ kan wà," ó ní. "Ó wọ oko àgbẹ̀. Ó jẹ gbogbo ẹ̀wà oko náà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ewé kan ò ṣẹ́kù! Àgbẹ̀ dé. Ó ní, 'Ta ló jẹ ẹ̀wà mi?' Ẹ̀rù ba ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ò sì ní ìka. Ìwo rẹ̀ ló nà. Ó nà án sí ìgbín."

Tíntín ki ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ.

"Kí ni ìgbín wá sọ?" ó béèrè.

"Kí ni ìgbín fẹ́ sọ? Ṣé ìgbín lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni? Àgbẹ̀ lé e jáde. Ìgbín gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń lọ. Yọ́ọ́. Yọ́ọ́. Yọ́ọ́."

"Ilẹ̀ mọ́," Màmá Àgbà ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. " Ewúrẹ́ yọjú. Ìgbín ṣì ń lọ. Kò tíì kọjá òkúta. Yọ́ọ́. Yọ́ọ́."

"Ilẹ̀ tún mọ́. Ewúrẹ́ yọjú. Ó ṣì ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Kò tíì dé ìdí igi. Yọ́ọ́. Yọ́ọ́."

"Oúnjẹ ò wọ ọ̀nà ọ̀fun ewúrẹ́ mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń yọjú. Ojoojúmọ́ ló ń rí ẹ̀yìn ìgbín."

Bọ́tìnnì kan já bọ́. Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó ń wá a. Ìtàn dúró síbẹ̀.

Tíntín kò lè mú un mọ́ra. "Kí ló dé tí kò sáré?"

"Ta ni?"

"Ewúrẹ́ náà! Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní! Ìgbín kò tíì jìnnà! Kó sáré lọ bá àgbẹ̀, kó sọ pé, 'Èmi ni! Èmi ni mo jẹ ẹ́!' Kó sáré, Màmá Àgbà! Kó sáré!"

Tíntín gbọ́ ohun tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ sọ. Omijé ń dà lójú rẹ̀ pọ̀rọ̀pọ̀rọ̀.

"Màmá Àgbà, ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Ìwọ kẹ̀? Ewúrẹ́ ni mo ń sọ, ọmọ mi. Kí lo ṣe?"

Tíntín ti dìde. Tíntín ti ń sáré.

"Màmá! Èmi ni! Kì í ṣe Èédú. Èmi ni mo wọ̀ ọ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó fi ya."

Ẹ̀rọ dúró. Màmá gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ẹ máa lé èmi náà lọ."

"Háà! Kí n lé ọ lọ?" Màmá fà á mọ́ra. Ó dì í mú pẹ́. "Inú mi bàjẹ́, Tíntín. Mi ò ní parọ́ fún ọ, inú mi bàjẹ́ gan-an. Aṣọ yìí dùn mí, irọ́ yẹn sì dùn mí jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ọ́, ibo lo fẹ́ lọ?"

Ó nu ojú ọmọ. Ó nu ojú ara rẹ̀.

"Ó yá, wọ bàtà. Ọkọ̀ búrẹ́dì kì í yára. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń yà sí."

Wọ́n sáré. Pà-pà-pà-pà!

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni!" onígbàjámọ̀ sọ.

Pà-pà-pà-pà!

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni!" obìnrin tó ń ta wàrà sọ.

Pà-pà-pà! Bàtà Tíntín kan bọ́. Kò dúró mú un. Màmá ló bá a he é.

Ọkọ̀ náà rè é! Ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tó kẹ́yìn, níbi tí títì ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń kù gùrù-gùrù. Ó ti fẹ́ gbéra.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ jọ̀ọ́! Kì í ṣe òun ló ṣe é! Èmi ni!"

Awakọ̀ pa ọkọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Èmi náà ti ń wò ó," ó ní. "Búrẹ́dì gbígbóná ni mo fún un, kò fẹnu kàn án. Ajá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ mú ajá yín."

Èédú bẹ́ sílẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ Màmá. Kò lọ sọ́dọ̀ Tíntín. Ìrù rẹ̀ kò mì.

Ṣé ó mọ̀ ni? Èmi ò lè sọ. Ajá kì í ṣàlàyé fúnni.

Wọ́n dé ilé. Èédú wọ abẹ́ tábìlì lọ. Ó kẹ̀yìn sí Tíntín, ó dùbúlẹ̀.

Tíntín jókòó sílẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Èédú, mo parọ́ mọ́ ọ. Má bínú."

Èédú kò yíjú.

Màmá mú abẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ náà rán. Tíntín kò dìde. Wọ́n pè é kó wá jẹun. Ó ní òun kò jẹ. Màmá Àgbà gbé tìmùtìmù wá fún un, ó sì padà lọ.

Ẹsẹ̀ Tíntín ti kú. Síbẹ̀, kò dìde.

"Mi ò ní lọ," ó rọra sọ. "Tó bá wù ẹ́, má dá mi lóhùn. Mi ò ní lọ."

Hììììì. Èédú mí kanlẹ̀. Ó dìde. Ó yí Tíntín ká lẹ́ẹ̀kan. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, ìka kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ó gbé orí lé e nítan.

Tíntín kò mira rárá. Kò fẹ́ kó gbé orí náà kúrò níbẹ̀.