Aṣọ Òtútù Kọ́ Ló Yẹ Kí N Kọ́kọ́ Mú

Ẹni tó bá ti wọ aṣọ òtútù fún ọmọ mẹ́ta rí ní oṣù kìíní ọdún ní Wisconsin níbí, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ẹ ó ki ẹsẹ̀ bọ ṣòkòtò, ẹ ó fa sípù, ẹ ó wọ bàtà, ẹ ó wá ìbọ̀wọ́ kejì títí, ẹ ó dé fìlà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni ẹ ó gbọ́ ọ: "Àǹtí Corinne, mo fẹ́ tọ̀."

Èmi ni Àǹtí Corinne yẹn. Corinne Zastrow lorúkọ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé wa, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, fún mi. Àwọn ará káńtì náà ló ní kí n sọ ìtàn yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ yín fún wa. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ojú tì mí sàn ju kí ẹnì kan nínú yín sin ọmọ.

Òfin ní ká máa ṣe ìdánrawò sísá jáde lóṣooṣù. A ó tẹ aláàmù, a ó kó gbogbo ọmọ jáde, a ó lọ dúró síbi tí a ti yàn, a ó kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, a ó kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà wá sínú ìwé kan tó wà lára ògiri, níbi tí òbí èyíkéyìí ti lè kà á.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ń ṣe é. Nígbà tó yá, ìgbà ooru nìkan ni mò ń ṣe é. Nígbà tó tún yá, èmi àti bírò mi nìkan ló ń ṣe é. Màá jókòó ti kọfí mi, màá kọ ọ́ pé: "A ti ṣe é. Ìṣẹ́jú méjì."

Gordy ọkọ mi rí mi lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, ẹsẹ̀ ẹ mà yá o! Ìṣẹ́jú méjì, láì dìde lórí àga!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ṣé ìwọ lo máa wọ bàtà fún wọn?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí lọ́kàn títí di òní.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òtútù mú débi pé omi tí Gordy gbé fún ajá dì kí ajá tó fẹnu kàn án. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Otto jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Hattie jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Linnea jẹ́ ọmọ oṣù méje, ó sì ń sùn nínú yàrá kékeré tó fara ti gáráàjì. Mo yan yàrá yẹn fún un torí pé ariwo kì í débẹ̀. Àwọn méjì yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ makaróònì oníwàrà tán ni.

Gordy fẹ́ lọ pẹja lórí adágún tó ti dì. Ó wọ gáráàjì, ó tan ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbóná díẹ̀, bí gbogbo ayé ti ń ṣe ládùúgbò wa.

Mo pariwo láti ilé ìdáná: "Gordy, ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì o!"

"Mo ti ṣí i!"

Lóòótọ́ ló ṣí i, àmọ́ kò kọjá ìwọ̀n orúnkún, kí yìnyín má baà kún inú ibẹ̀. Ó wá jáde síta, ó tan ẹ̀rọ tó ń kó yìnyín kúrò lọ́nà. Ariwo ẹ̀rọ yẹn, bí ààrá bá sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Gordy ò ní gbọ́. Afẹ́fẹ́ ìta kọjú sí gáráàjì, ó ń ti èéfín ọkọ̀ padà sínú. A ò sì mọ̀.

Aláàmù ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá ké. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dákẹ́, ó tún ké lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo mọ ohun tó ń sọ. Bó bá jẹ́ iná ni, mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń ké. Mẹ́rin-mẹ́rin jẹ́ afẹ́fẹ́ olóró tó ń tinú èéfín jáde, èyí tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbóòórùn. Mee Vang, òṣìṣẹ́ káńtì tó ń bẹ ilé wa wò, ti kọ́ mi tipẹ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ẹ sì wo ohun tí mo ṣe: mo sáré lọ síbi ìkọ́ṣọ, mo kó aṣọ òtútù wá.

"Àǹtí Corinne, kí ló ń ké?" Otto ló ń béèrè.

"Kò sí nǹkan kan. Na ẹsẹ̀ ẹ."

"Ṣé a fẹ́ lọ ṣeré nínú yìnyín ni?"

"Otto, na ẹsẹ̀ ẹ!"

Mo wọ ti Otto tán. Mo bọ́ sórí ti Hattie. Ó ń ké, ó ń tàpá, bí mo bá wọ bàtà kan fún un, ó ti yọ èkejì. Sípù rẹ̀ há mọ́ aṣọ inú, kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀. Mò ń fà á, mò ń fà á. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ìka ọwọ́ mi ń ṣe bí ìka ẹlòmíràn.

"Orí ń fọ́ mi," Otto wí. Ó sì bì sára aṣọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀ kí n lè wá òmíràn fún un. Aláàmù ń ké lórí wa, mo sì ń wá aṣọ tó mọ́.

Mo ti pe nọ́ńbà pàjáwìrì, mo gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin kan ló dáhùn.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

"Aláàmù afẹ́fẹ́ olóró ń ké nílé mi. Mo ní ọmọdé lọ́dọ̀."

"Ṣé ẹ ti jáde?"

"A ti fẹ́ máa jáde. Mò ń wọ aṣọ fún wọn."

"Màdáámú, ẹ fi aṣọ sílẹ̀."

"Ẹ ò mọ bí ìta ṣe tutù tó ni..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Agbègbè kan náà la jọ wà. Òtútù ò ní pa wọ́n kí ẹ tó dé ilé aládùúgbò. Ohun tí wọ́n ń fà símú yẹn ló lè pa wọ́n. Ọmọ mélòó ni?"

"Mẹ́ta."

"Ṣé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú yín báyìí?"

Mo wo iwájú mi. Otto. Hattie.

N ò gbàgbé Linnea o. Ohun tó burú jùyẹn lọ ni mo ṣe: mo fi í sẹ́yìn. Lójoojúmọ́ tí a bá fẹ́ jáde, ẹni tó ń sùn ni mo máa ń wọ aṣọ fún gbẹ̀yìn, kó má baà jí ké. Bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń ṣe é lọ́jọ́ tí ikú wà nínú ilé.

Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo ti àwọn méjèèjì síta, Hattie pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo figbe ta débi pé Gordy gbọ́ ọ láàárín ariwo ẹ̀rọ rẹ̀.

"Kó wọn lọ sọ́dọ̀ Màmá Ardis! Kó wọn lọ!"

"Linnea ńkọ́?"

Mo ti yí padà.

Nígbà tí mo ṣí yàrá kékeré yẹn, kò sí èéfín níbẹ̀, kò sí òórùn kankan. Aṣọ fèrèsé wà nípò, gbogbo nǹkan tòrò. Ìyẹn ló ń jí mi lójú oorun títí di ìsinsìnyí. Linnea dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Mo pè é, kò lajú. Mo gbé e, ọrùn rẹ̀ yẹ̀ sórí apá mi.

Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo sáré. Mo kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èjìká mi gbá férémù ilẹ̀kùn, n ò jẹ́ kó bọ́. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ mi nínú yìnyín. "Linnea, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ọmọ ọlọ́mọ, jọ̀ọ́."

Màmá Ardis, opó àgbàlagbà tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà, ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi láì bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé etí lé e lẹ́nu, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn.

"Ó ń mí," ó wí. "Corinne, dìde nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń mí."

Nígbà tí áńbúláǹsì dé, wọ́n fi ọ́síjìn bò ó nímú. A ti fẹ́ dé ọsibítù kó tó ké, igbe kékeré kan báyìí. Látọjọ́ tí mo ti ń tọ́jú ọmọ, n ò gbọ́ ẹkún tó dùn tó ìyẹn rí. Ọjọ́ méjì ni wọ́n dá a dúró. Dókítà ní ara rẹ̀ á yá, pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni àwọn ìbá máa sọ.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo pe káńtì, torí òfin ni pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ lọ́dọ̀ wa, a ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Mee Vang dé lọ́jọ́ kejì. Ó dúró níwájú ìwé ara ògiri, ó kà á títí.

"Corinne, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà yín lánàá?"

"Ó tó mẹ́rìnlá."

"Méjì-méjì lẹ kọ síbí. Bírò kan náà, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá."

Mo lè parọ́ mìíràn. Ó ti wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "A ò ṣe é, Mee. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ṣe é gbẹ̀yìn."

Kò pariwo mọ́ mi. Ó jókòó. "Ṣé ẹ rò pé èmi lẹ ń kọ ọ́ fún? Ọwọ́ yín ni ìdánrawò yẹn wà fún. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá bà yín, orí ò ní ronú, ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ nìkan ló máa ṣe. Aṣọ òtútù ni ọwọ́ yín mọ̀."

Ó mú ìwé ẹ̀rí mi lọ.

Ìyá Linnea náà wá, Britt, láti kó àwọn ìgò wàrà ọmọ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há. Ó dúró níwájú ìwé yẹn náà.

"Ilé mẹ́ta ni mo wò kí n tó gbé e fún yín, Àǹtí Corinne," ó wí. "Mo ka ìwé wọn. Obìnrin kan kọ ọ́ sínú tiẹ̀ pé, 'Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Kò dáa tó, a ó tún un ṣe.' Mo sá fún un. Mo ní, èwo ni ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án! Tiyín ló dáa jù."

Ó di ìgò tó kẹ́yìn sínú àpò rẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ló máa lọ lọ́jọ́ Ajé," ó wí, ó sì kó ìgò rẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó dá ìwé ẹ̀rí mi padà. Mee fi aago ṣọ́ wa nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ ṣe ìdánrawò àkọ́kọ́. Láì wọ aṣọ òtútù, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùtọ́jú ọmọ, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáráàjì tó so mọ́ ilé, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí gbayawu. Ẹ sọ fún ọkọ yín, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó ń gbé nílé yín, torí òfin tó de iṣẹ́ yín de àwọn náà. Ẹ jẹ́ kí aláàmù wà nítòsí ibi tí ọmọ ń sùn, kí ẹ sì máa dán an wò. Bó bá ké, ẹ fi aṣọ sílẹ̀: bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ti tó. Ọmọ tí kò lè rìn àti ọmọ tó ń sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹ bá aládùúgbò kan sọ ọ́ ṣáájú; bí aláàmù bá wá ké, ẹ sá lọ bá a, ẹ ka àwọn ọmọ, kí ẹ má sì padà wọlé títí àwọn panápaná yóò fi ní kí ẹ wọlé. Ẹ máa ṣe ìdánrawò náà nínú òtútù. Bó bá gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ẹ kọ mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ ka ìwé ara ògiri, àmọ́ ẹ má fi mọ síbẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ bi ọmọ yín léèrè pé: "Bí aláàmù bá ké nílé Àǹtí, ibo lẹ máa ń sá lọ?" Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá ti ṣe é rí á sọ fún yín kí ẹ tó parí ìbéèrè. Bó bá kàn ń wò yín lójú, ìwé yẹn ń parọ́. Ẹ má gbé e padà síbẹ̀ lọ́la.