Ẹni Tó Kọ Gbogbo Ìlà Yìí

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, níléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ojú ọmọbìnrin náà ti jìn wọnú nítorí àìsùn. Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ló ń kọ, èyí tó ń ṣe fáìlì ìwé ìpè fún àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn kan. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà tó bá ti ní àmì, àmì ìbéèrè ló ń dà. Ọkùnrin tó jókòó sí tábìlì kejì fa àga sún mọ́ ọn.

"O ò sọ irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà máa fi kọ ọ́ fún un," ló wí. "Bó bá ti ń ṣí fáìlì, sọ pé UTF-8 ni, èyí tó gba gbogbo lẹ́tà tó ní àmì. Má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa méfò."

Orúkọ àwọn aláìsàn jáde geere. Láti ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin náà ti ń pè é ní Ọ̀gá Lẹ́tà, ìfẹ́ sì rọra wọlé. Ọmọbìnrin a kọ kóòdù, Ọ̀gá Lẹ́tà a yẹ̀ ẹ́ wò, a tún ibi díẹ̀ ṣe. Ó ń rẹ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń ru iṣẹ́ náà ni.

Àfi ìgbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ wo àkọsílẹ̀ tó ń fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn. Orúkọ Ọ̀gá Lẹ́tà nìkan ló bá níbẹ̀. Ó ní òun yóò fi í ṣe olórí iṣẹ́ náà, kí ọmọbìnrin náà máa palẹ̀ mọ́, nítorí òun kò rí ohun tó ń ṣe.

Ìyá ọmọbìnrin náà, tó ti ń yin Ọ̀gá Lẹ́tà bí àna lójoojúmọ́, yíjú padà. Ó ní ẹni tó ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun níta, kí ni yóò ṣẹ́ kù tó bá gbé e délé? Ọmọbìnrin náà kò lè jà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tinú tòde, ọkàn rẹ̀ sì bà jẹ́. Kò gbé fóònù ọkùnrin náà mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀gá Lẹ́tà wá sílé wọn, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá.

"Ẹ má bínú, Mà. Àmì kan tí a kì í rí ni kọ̀ǹpútà ọmọ yín fi ń parí ìlà, méjì ni tèmi ń lò. Bí mo bá ti yẹ fáìlì rẹ̀ wò, tí mo fi í pamọ́, tèmi á yí òpin gbogbo ìlà padà, àkọsílẹ̀ á ní èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀. Mo ti tún un ṣe, mo sì ti ṣàlàyé fún ọ̀gá wa lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ti gba ipò olórí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kó padà wá síbi iṣẹ́ ẹ̀."

"Ṣé o ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" ìyá bi í.

"Mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mà. Ó dùn mọ́ mi kí ojú tó tì mí."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọbìnrin náà, tó jókòó ti ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ìfẹ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

"Inú ṣì ń bí mi," ló wí, "ó sì rẹ̀ mí. Jẹ́ kí n sùn ná. Tí mo bá jí tó o ṣì wà níbí, màá fẹ́ ọ."

Ìgbà tó jí, oòrùn ti ń wọ̀. Ọ̀gá Lẹ́tà ṣì wà lórí àga, oorun ti gbé e lọ, ìyá sì ti fi aṣọ bò ó.