Ọwọ́ Ẹ̀wù Òsì

Ọkùnrin kan kò tíì wọlé tán tí ọmọbìnrin aláago fi rí i pé ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ti òsì fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ̀wù náà dára púpọ̀. Ọrùn rẹ̀ jókòó, èjìká rẹ̀ jókòó, bọ́tìnnì rẹ̀ tò gbọọrọ wálẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn nìkan ló ṣí gbàgà bí ẹnu àpò ìrẹsì tí wọn ò tíì dì. Ọmọbìnrin náà yọ awò tó fi ń tún aago ṣe kúrò lójú, ó tún un wò, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Tábìlì gígùn kan tó ní dígí lórí ló wà níwájú, aago sì kún ara ògiri láti òkè délẹ̀, kò sí méjì nínú wọn tí ohùn wọn bára mu. Bàbá rẹ̀ ló ni ín. Ojú bàbá kò gbé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ mọ́, nítorí náà ọmọ ló ń tú aago tó ń tò ó padà, bàbá á sì jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú, á máa bá oníbàárà tàkúrọ̀sọ. Ìyàwó Aago ni àwọn oníbàárà ń pe ọmọbìnrin náà, torí wọ́n ní kò ráyè ọkùnrin kankan. Tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dá wọn lóhùn pé ó kéré tán, ọkọ òun kì í pẹ́ lóde.

Bàbá kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Àlejò kí i, ó na ọwọ́ òsì, aago ńlá kan sì yọ jáde láti inú ọwọ́ ẹ̀wù yẹn bí ọmọrí ìkòkò. Kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n wò ó. Ó yí bìrí lọ sí abẹ́ ọwọ́, ọkùnrin náà sì ní láti fi ọwọ́ kejì lé e padà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun gé ṣéènì rẹ̀ kù.

Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ ọkùnrin náà lé orí dígí. Ọrùn ọwọ́ tó tín-ín-rín ni, ó mọ́, ó sì lẹ́wà. Etí aago méjèèjì yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Etí ni bàbá rẹ̀ máa ń pe ibi tí ṣéènì ti so mọ́ ojú aago, lókè àti nísàlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òun lè gé ṣéènì náà títí táá fi fún un, ṣùgbọ́n tí etí aago bá ti gùn ju ìbú ọrùn ọwọ́ lọ, aago náà á máa yí ni, á sì máa fẹ̀ lójú. Gígé ṣéènì nìkan, ó dà bí ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

"Ṣé ẹ ò ní bínú tí mo bá bi yín ní nǹkan kan?" ló wí. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Télọ̀ ni mí."

"Ẹ̀yin lẹ sì rán ẹ̀wù yìí fúnra yín?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó wo ojú ọmọbìnrin náà. "Èmi ni."

"Á jẹ́ pé kì í ṣe àṣìṣe nìyẹn."

Ojú ti Télọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé aago náà kì í wọ abẹ́ ọwọ́ ẹ̀wù tó bá mọ níwọ̀n, pé kí ènìyàn má baà rí bó ṣe ń ṣeré lọ́rùn ọwọ́ òun, òun ti ń gé ọwọ́ òsì gbogbo ẹ̀wù òun ní gbàgẹ̀rẹ̀ látìgbà tí òun ti gba òmìnira iṣẹ́. Gbogbo ẹ̀wù, àti èyí tí òun fi ń sùn. Nígbà tó dé orí èyí tó fi ń sùn, ẹ̀rín tí ọmọbìnrin náà ti ń pa mọ́ra bú jáde, omi bọ́ lójú rẹ̀. Télọ̀ wò ó, kò bínú, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ mú bí ọmọdé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkùnrin tó lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín ṣọ̀wọ́n, ọmọbìnrin náà sì mọ ohun tó ṣọ̀wọ́n tó bá rí i.

Kí ló wá dé tí kò bọ́ aago ọ̀hún sílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí òbí wọn kú, pákó ló ń tà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì tó ọmọ odó. Lọ́jọ́ òmìnira Télọ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ aago náà sí i lọ́wọ́. Télọ̀ ní tí òun bá bọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n òun á rò pé òun ti gbàgbé oore.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní ìkọ́ ṣéènì ń ṣí. Kò ṣí. Ó tún wá, ó ní ojú dígí rẹ̀ ṣú. Ọmọbìnrin náà nù ún, ó ní dígí náà mọ́ ju ti òun lọ, pé kí ó wá nǹkan mìíràn sọ tó bá fẹ́ jókòó. Láti ọjọ́ náà, Télọ̀ kò wá nǹkan kan sọ mọ́, ó kàn ń jókòó ni. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: nílé, ọmọbìnrin náà kò mọ̀ pé òun ti ń sọ̀rọ̀ òwú, abẹ́rẹ́ àti ìlà kóòtù. Bàbá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń jẹun lọ.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ láti dín ẹ̀gbẹ́ kaba kan kù, ó mú aago kan dání. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ kúrú, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, awọ tó so ó mọ́ ọwọ́ ń tín-ín-rín lọ títí dé ibi ìkọ́. Ó wọ̀ ọ́ sí Télọ̀ lọ́wọ́. Télọ̀ tẹ orí ba, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní aago ọmọdé mà ni.

"O sún mọ́ ọn jù, imú rẹ lo fi ń wò ó," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ta ló ń dúró síbẹ̀ yẹn wo ọ́? Lọ síwájú dígí."

Dígí gígùn tí oníbàárà fi ń wo ara wọn wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ. Télọ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó gbé e sókè, aago náà kò yẹsẹ̀. Kò fún un, kò sì yí. Ọwọ́ tó rí nínú dígí náà jẹ́ ọwọ́ ọkùnrin tó ti dàgbà, tí ohun tó wọ̀ bá a mu. Ọmọbìnrin náà bi í ní ìbéèrè kan.

"Tí èjìká kóòtù bá ju ti oníbàárà lọ, kí lo máa ń sọ fún un?"

"Pé kò sí bí mo ṣe lè dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù tó, kóòtù yẹn kì í ṣe tirẹ̀."

"Ó dáa. Etí aago ni èjìká rẹ̀."

Télọ̀ yí padà sí i. Ó ní àwọn oníbàárà òun máa ń bú òun pé òun ń wọn ènìyàn jù, òun kò sì tíì pàdé ẹni tó máa wọn òun rí. "Olólùfẹ́ mi," ló pè é, kò sì tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí, "ṣé ọwọ́ mi nìkan lò ń wọ̀n látijọ́ yìí?"

"Ọwọ́ nìkan ni wọ́n kọ́ mi," ló dáhùn. Ṣùgbọ́n kò gba ọwọ́ tirẹ̀ padà nígbà tí Télọ̀ dì í mú.

Nígbà tó yá, bàbá ní kí Télọ̀ wá rí òun nílé. Télọ̀ ṣèlérí pé aago tó bá òun mu ni òun máa wọ̀, nínú ẹ̀wù tí ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba. Inú ọmọbìnrin náà dùn, ó ń kọrin nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló máa bá a sọ̀rọ̀ níwájú bàbá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n sì kan ilẹ̀kùn láti wá mú un, àyà Télọ̀ já. Ó bọ́ aago kékeré, ó wọ aago ńlá ọmọrí ìkòkò yẹn, ó sì wá ẹ̀wù tó máa bò ó.

Ìkíni lọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mọ̀rọ̀ọ́ sọ, bàbá sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé omi fún Télọ̀, ó gbé ife sókè, aago náà sì yí bìrí, ó lu ife náà ketekete. Bàbá wo ọwọ́ ẹ̀wù náà pẹ́.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ọwọ́ ẹ̀wù rẹ tí òsì fi fẹ̀ ju ọ̀tún lọ?"

Ọmọbìnrin náà di àga mú. Ó fẹ́ kí Télọ̀ sọ òótọ́, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Àṣà tuntun ni, Bàbá," ni Télọ̀ wí.

Ẹ̀gbọ́n mirí, ó ní báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń ṣe. Bàbá kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà sin wọn dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹ̀gbọ́n ti lọ síwájú, kò pariwo. Ó ní ọwọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ fẹ́ràn, òun kò sì lè fẹ́ ẹni tó ń tijú ohun tí òun fẹ́ràn. Télọ̀ bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí àga nígbà tó wọlé. Ó ní kì í ṣe ọwọ́ tín-ín-rín ni òun kọ̀, ìka ò dọ́gba, ọwọ́ ò sì lè dọ́gba. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi ọrùn ọwọ́ pamọ́ lónìí, tí nǹkan bá le lọ́la, kí ni yóò fi pamọ́ fún aya rẹ̀? Ohun tó wà lọ́kàn ọmọbìnrin náà gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ràn Télọ̀, kò sí ọgbọ́n tí ó lè fi pe ìfẹ́ náà ní nǹkan mìíràn. Síbẹ̀, tí Télọ̀ kò bá lè dúró bó ṣe rí níwájú ayé, kò ní fẹ́ ẹ. Láwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó gbé ojú aago kan sódì, ó da àwọn ègé wẹ́wẹ́ inú aago mìíràn sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ṣa wọn jọ fún un.

Ọjọ́ ọjà ni Télọ̀ wá, ní ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó gbójú sókè. Ẹ̀wù ọlọ́wọ́ péńpé ló wọ̀. Ọwọ́ méjèèjì wà níta láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka, kò sí aago kankan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, aago ńlá yẹn ló sì wà lọ́wọ́ òun, ó jókòó síbẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í. Ó ní àbúrò òun wá bá òun, ó ń làágùn, ó ní aago tí òun fún un kò bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó jalè. "Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti fún un ni mo ti rí i pé kò bá a mu," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo ní kí n má bà á nínú jẹ́." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín.

Télọ̀ kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí bàbá. Ó ní òun purọ́ fún bàbá nínú ilé rẹ̀, kí ó jọ̀ọ́, kí ó forí ji òun. Kì í ṣe àṣà tuntun. Ìtìjú ni.

Bàbá gba ọwọ́ òsì náà, ó fi àtàǹpàkò àti ìka yí ọrùn ọwọ́ náà ká. "Ìwọ yìí lo ń gbé áyọ́ọ̀nù?"

"Mo ń gbé e, Bàbá. Ó sì wúwo."

"O ò kúkú dúró kí oníbàárà lọ tán kí o tó sọ èyí?"

"Níwájú ènìyàn ni mo ti ń fi í pamọ́, Bàbá. Níwájú ènìyàn ló yẹ kí n ti yọ ọ́."

Bàbá sún lórí bẹ́ńṣì, ó fi ọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀. Télọ̀ kò jókòó. Ó ní kí bàbá má bínú, òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ lórí ìdúró. Ó sún mọ́ tábìlì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí dígí, ó sì bi ọmọbìnrin náà, kí gbogbo ènìyàn gbọ́, bóyá ó máa fẹ́ òun bí òun ṣe rí yìí.

Ayọ̀ gba ọkàn ọmọbìnrin náà débi pé kò lè rí ojú Télọ̀ dáadáa nínú omijé. Ó wá ọwọ́ Télọ̀ kàn lórí dígí, ó sì dì wọ́n mú.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà, ọkàn mi," ló wí. "Mo kàn ń dúró kí o jáde síta ni."

Ìyá àgbàlagbà kan tó ti ń dúró láti àárọ̀ kó lè gba aago rẹ̀ ní kí wọ́n má kánjú, pé òun ṣì lè dúró díẹ̀ sí i.